Ṣíbí Agbẹ́gi Dé Ilé Ìyàwó Tuntun

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín o, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó tọ̀ sí mi lára lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mo nígbàgbọ́ pé ara yín le bí ọta, pé orúnkún yín tó ń yọ yín lẹ́nu ti gbóògùn, àti pé ẹ ń rí oorun sùn bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ara mi le, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Orin ni mo máa ń kọ tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbéyàwó dùn! Ẹ ò sọ fún mi pé ó dùn tó báyìí. Sùúrù, sùúrù, ni ẹ kàn ń pè sí mi létí ṣáá.

Yàrá wa wà lókè ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi gan-an, níbi tó ti ń ṣe àga onítìmùtìmù. Òórùn fóòmù àti gáàmù ló ń jí mi láàárọ̀, mo sì ti mọ ìró òòlù rẹ̀ débi pé mo lè sọ, láìtíì rí i, bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ìṣó ló wọ́. Èmi náà ti ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ nísàlẹ̀ àdúgbò, áyọ́ọ̀nù ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Tí a bá ti fẹ́ ṣíwọ́, ọkọ mi á ti dúró níta, èérún fóòmù á wà nínú irun rẹ̀ bí ẹni tó darúgbó lójijì. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi á ní kí wọ́n yáa fi mí sílẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tó bú sẹ́kún.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí ẹ ń bá mi ya irun. Ẹ ní, “Owú rẹ yìí, fi sílẹ̀ sílé wa níbí o. Má gbé e lọ sílé ọkọ.” Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi sílẹ̀. Mi ò dì í mọ́ ẹrù mi rárá. Òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá mi débí.

Bó ṣe rí nìyí. Ọkọ mi wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí ayélujára tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Ojúlówó. Oníṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ kálukú ni wọ́n fi ń pè é. Tìmùtìmù ni wọ́n ń pe ọkọ mi. Ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ kò ju ọ̀kan lọ: kí ló ń mú kí nǹkan dára? Ṣé inú nǹkan náà ni dídára ń gbé ni, àbí ojú ẹni tó ń wò ó? Ìwà ńkọ́, kí la fi ń mọ èyí tó dára? Wọ́n lè fà á títí tí fóònù á fi gbóná. Wọ́n tún máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ránṣẹ́ síra wọn láti ilé dé ilé, kí oníkálukú lò ó kó tó sọ̀rọ̀. Òfin wọn sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní “ó dára” lásán. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á dá a lóhùn pé: “Lọ́wọ́ ta? Níbo?”

Ẹ wá wo ohun tí òfin yìí fojú mi rí. Ọbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ sè nílé ọkọ, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo jókòó, mo ní ṣé ó dára. Ọkùnrin yìí dijú, ó ń jẹun lọ bí adájọ́, ó wá ní kí n jẹ́ kóun ṣì máa jẹ ẹ́ ná. Mo gbà. Nígbà tó yá, mo wọ aṣọ búlúù tí ẹ rà fún mi, mo yí po níwájú rẹ̀, mo ní èmi ńkọ́, ṣé mo dára? Ó wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn àga, ó ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn tóbi. Má jẹ́ ká sọ ọ́ lásán.” Kì í ṣe ìkà o, ẹ má bínú sí i. Ó ní àwọn èèyàn ti lo ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi gbó bí àkísà, òun ò ní fi àkísà bo ìyàwó òun. Ó dùn-ún gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo ń wá lẹ́nu rẹ̀, mo sì ń wá a kiri bí ẹni tó sọ yẹtí nù.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kì í sì í ṣe èmi ló sọ ọ́ fún. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tí wọ́n ń pè ní Agbẹ́gi, igi ló ń gbẹ́. Kò dàgbà jù mí lọ, ohùn rẹ̀ sì tutù bí omi inú ìkòkò. Tí ọkọ mi bá ń kan ìṣó, ohùn tí Agbẹ́gi fi ránṣẹ́ sórí fóònù ni yóò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa gbọ́, tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ tó ń sọ sínú fóònù pé, “Èyí dára, Agbẹ́gi. Ó dára lóòótọ́.” Ó tún wá ń ṣàlàyé ibi tó ti dára! Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù fún mi, ó ti bá Agbẹ́gi mu rẹ́gí. Àyà mi gbóná ju áyọ́ọ̀nù lọ. Mo jó kọ́là oníbàárà lọ́jọ́ yẹn. Ìyá tó dàgbà jù láàárín wa níbi iṣẹ́ bi mí léèrè títí mo fi sọ fún un, ló bá ní, “Kọ́là oníkọ́là ò ṣẹ̀ ọ́. Fóònù ọkọ rẹ ni kí o lọ̀.”

Kò pẹ́ sí i ni ẹrù kan dé. Agbẹ́gi ló gbẹ́ ṣíbí ńlá kan tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀, ó ti ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láàárín ẹgbẹ́, gbogbo wọn ń yìn ín, ó wá kàn wá. Ọkọ mi tú u bí ìgbà tí wọ́n ń tú aṣọ lára ọmọ tuntun. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń dáná, èmi ni kí n lò ó, kóun sì gbọ́ tẹnu mi. Mo ní kò burú. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní ẹ ò rí nǹkan, orogún ò tíì dé, ṣíbí rẹ̀ ti dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá àléébù ṣíbí yẹn bí ẹni ń wá iná nínú irun ọmọ. Mi ò rí i. Kì í gbóná lọ́wọ́, kì í ha ìdí ìkòkò, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì dán. Bó ṣe ń tẹ́ mi lọ́rùn tó ni inú ń bí mi tó. Ìgbà tí mo wá fẹ́ bu ọbẹ̀ sínú àwo ni ọ̀rọ̀ yí padà. Agbẹ́gi ti gbẹ́ ẹnu tóóró kan sí ẹ̀gbẹ́ ṣíbí náà, níbi tí ọbẹ̀ á máa gbà ṣàn jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ òsì ni mò ń lò, ẹ rántí bí màmá ṣe nà mí títí tí bàbá fi ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni. Bí mo ṣe gbé e pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ẹnu tóóró yẹn kẹ̀yìn sí àwo, ó kọjú síta. Kí n tó lè bu ọbẹ̀ bó ṣe yẹ, àfi kí n lọ́ ọrùn ọwọ́ mi bí ẹni ń fún aṣọ. Ni ọbẹ̀ gbígbóná bá dà sí mi lápá, ó dà sórí aṣọ búlúù. Ọbẹ̀ jó mi, mo sì ń jó! Ọkọ mi sáré gun òkè wá, ó rò pé mo ti kú.

Mo gba fóònù rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì sọ̀rọ̀ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ á ti gbọ́: “Agbẹ́gi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó Tìmùtìmù nìyí. Ṣíbí yín ò dára. Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ mi, ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Níbo? Lórí aṣọ mi tuntun. Gbogbo yín tí ẹ ń yìn ín, ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń yìn ín.” Mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń bomi tútù sí apá mi ni mò ń to èébú tí mo máa fi dá a lóhùn lẹ́sẹẹsẹ, kó ṣáà ti kọ́kọ́ bú mi ná.

Kò bú mi. Ohùn rẹ̀ dé, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ ṣé gan-an ni. Ilé tí ṣíbí yìí ti dé pọ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan tó wúlò fún mi. Àwọn tó kù fẹ́ràn mi jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi bú u sí i.” Èébú tí mo tò kalẹ̀ wá di ẹrù sí mi lọ́rùn. Ẹgbẹ́ gbaná. Ohun tó dára lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò dára lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ǹjẹ́ ó dára? Wọ́n fà á títí, wọ́n wá ní kí wọ́n pe ìyàwó Tìmùtìmù kó wá sọ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo ronú sí i. Àwọn tó fẹ́ràn Agbẹ́gi, ìfẹ́ ti bò wọ́n lójú. Owú tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀ sílé yẹn, òun ló la ojú mi.

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, èmi náà ti wọ ẹgbẹ́, Ọwọ́ Òsì ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ mi ni wọ́n ń kọ sára ẹrù báyìí, kì í ṣe ti ọkọ mi mọ́. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláwọ, tó ń fi awọ rán báàgì, fi báàgì kan ránṣẹ́ sí mi. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó pe orúkọ mi, ó sì mọ àwàdà ṣe. Lánàá, mò ń gbọ́ ọ, mò ń rẹ́rìn-ín, ni òòlù bá dákẹ́ nísàlẹ̀. Ọkọ mi gòkè wá, ó ní sísọ́ọ̀sì lòun ń wá. Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ta ni mò ń bá rẹ́rìn-ín. Mo ní Aláwọ ni. Ó ní kí ló fẹ́. Mo ní ó fẹ́ mọ̀ bóyá báàgì òun dára. Ó ní, “Kó lọ bi ìyàwó ẹ̀.” Ó wá gbé báàgì yẹn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò: okùn rẹ̀ gùn jù, síìpù rẹ̀ ń há, ojú ìrán rẹ̀ ò tọ́. Gbogbo rẹ̀ ló rí, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo kàn ń wò ó, ayọ̀ sì kún inú mi bámúbámú, nítorí mo mọ ojú yẹn, ojú mi ni. Nígbà tó wò mí tó rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “O dára.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé aláfojúdi ni mí. Mo ní, “Lọ́wọ́ ta? Níbo?”

Kò dijú, kò sì ní kí n jẹ́ kóun ronú. Ó ní, “Lọ́wọ́ mi. Nínú ilé yìí.”

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ayọ̀ tiyín náà gbó láé. Àwọn ọmọ á dàgbà sójú yín, orúnkún yín á gbé yín wá kí mi kó tó pẹ́, àga tí ẹ ó jókòó lé sì ti wà nílẹ̀, ọkọ mi ti rọ fóòmù sí i ní méjìméjì nítorí yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ tọ́ dàgbà, aya ọkọ rẹ̀,
Ọwọ́ Òsì.

Mo tún rántí: Agbẹ́gi ti gbẹ́ ṣíbí mìíràn fún mi, ẹnu rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọkọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún bu ọbẹ̀ fún ara rẹ̀, gbogbo rẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Ṣíbí náà dára, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Agbẹ́gi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ fún un pé mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Tí ohùn rẹ̀ bá ti ń dún nísàlẹ̀, mo ṣì máa ń gbálẹ̀ kọjá níbẹ̀, bí ilẹ̀ tiẹ̀ mọ́.