Àga Ilé Gbígbé Tí Alhaja Àmínát Yọ̀ǹda

Agboolé àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí ìyá wa, Alhaja Àmínát Àṣàbí Ọláníyọnu, ní ọdún 1953. Ọmọ kẹta ni wọ́n jẹ́ fún Alfa Sùbérù àti Ìyá Ràbíátù. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, wọ́n fẹ́ Alhaji Waris Ọláníyọnu ní 1979, wọ́n sì bá ọkọ wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún méjì. Nunhead ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ilé ìwòsàn Lewisham ni wọ́n ti gbẹ̀bí títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2013. Àwọn kan nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ọwọ́ Mọ́mì ni ẹ kọ́kọ́ bọ́ sí láyé.

Ìfẹ̀yìntì kò bá wọn lára mu. Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n wá ṣe kánsẹ́lọ̀, aṣojú àdúgbò ní káńsù. Wọ́n dupò, wọ́n wọlé. Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ọ̀rinrin ti mú ògiri yàrá wọn bu.

Ìdìbò tó tẹ̀ lé e kò fún ẹgbẹ́ kankan lágbára láti dá ṣàkóso káńsù. Ẹgbẹ́ méjì bá pinnu láti jọ ṣe é, kí wọ́n pín àga mẹ́wàá ìgbìmọ̀ aláṣẹ: mẹ́fà fún ẹgbẹ́ Mọ́mì, mẹ́rin fún èkejì. Wọ́n ti ṣèlérí àga ilé gbígbé, tó ń bójú tó àtúnṣe àwọn ilé káńsù, fún Mọ́mì. Ẹgbẹ́ kejì ní àga yẹn gan-an làwọn ń fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí àjọṣe.

Olórí ẹgbẹ́ Mọ́mì, Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, wá bá wọn nílé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí ẹ bá ní rárá, gbogbo ẹ̀ á fọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́mì wọ eegun. "Ta ni wọ́n fẹ́ fi síbẹ̀?"

"Jabez ni."

Jabez yìí ló ń sọ kiri nígbà ìpolongo pé Mọ́mì ti dàgbà jù fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Mọ́mì mọ̀ pé inú irú ilé tó ń bu yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà.

"Ẹ gbé e fún un. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ilé mẹ́tàlélógójì tí mo kọ sílẹ̀ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ tún ṣe, kí òtútù tó dé. Kí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i."

Àga pápá ìṣeré àti ibojì, tẹ́nikẹ́ni ò du, ni wọ́n fún Mọ́mì. Àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí sọ pé ẹ̀rù ló ba Mọ́mì. Nígbà tí òtútù dé, Jabez ti tún mẹ́rìndínlógójì ṣe. Mọ́mì ń pè é lórí fóònù títí méje tó kù fi parí. Ìdí àga ibojì ni wọ́n sì ti mú àbá wá pé kí ẹni tó bá kú lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ lè wọlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kó má dúró di Mọ́ńdè mọ́. Ìbò kan ṣoṣo ló gbé àbá náà wọlé. Ọwọ́ Jabez ló kẹ́yìn tó gòkè.

Wọ́n ṣe Hájì ní 2006. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé ní Kùránì.

Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ ní oṣù kẹwàá 2025, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Alhaji ti ṣáájú wọn. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, Roqeeb, Tẹniọlá àti Nasrullah, sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí Àmírà jẹ́ àgbà wọn. Nígbà tí Tẹniọlá bi wọ́n lórí ibùsùn pé kí ni ká kọ sínú ìwé ìrántí yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹ má jẹ́ kó gùn. Ebi á ti máa pa àwọn èèyàn."

A ti gé e kúrú, Mọ́mì. Kí Ọlọ́hun fẹ ibojì yín, kó sì fi ìmọ́lẹ̀ kún un.