Àdán Tó Gé Fúnmi Jẹ

Bàbá mi àtàtà,

Ẹmùré ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú yàrá yín. Ara Fúnmi ti yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo mọ bí ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí ṣe máa ń ká yín lára. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ẹ ń retí náà ti dé. Ó dùn mí pé ẹ ti papò dà kí ó tó dé.

Àwọn àdán tún dé sórí ìrókò ẹ̀yìn ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó wò wọ́n, tí Màámi á ní ẹ fẹ́ràn wọn ju ará ilé lọ? Lọ́dún yìí, ọ̀kan já bọ́ sí àgbàlá, kò lè fò mọ́. Fúnmi fẹ́ gbé e sí ìbòòji, àdán náà sì gé e jẹ lọ́wọ́.

Ó ní, "Ṣebí àdán lásán ni."

Bàbá, níbi iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń yẹ àìsàn ẹranko wò, ni mo ti mọ̀ pé ajá nìkan kọ́ ló ń kó irú àrùn dìgbòlugi ran ènìyàn. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi bínú sí mi, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkéré. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan la sì fi ń lọ gba abẹ́rẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń bu omi fún un, tí mò ń ṣọ́ ọ bóyá ẹ̀rù omi á bà á, bó ṣe máa ń ba ẹni tí àrùn náà bá mú. Ó rò pé mo kàn ń kẹ́ ẹ ni.

Àwọn ará àdúgbò gbé ayùn wá, wọ́n fẹ́ gé ìrókò náà. Mo ṣàlàyé pé bí a bá lé àwọn àdán, inú òrùlé wa ni wọ́n á fọ́n sí. Ká má fọwọ́ kàn wọ́n, ká má jẹ wọ́n, ó tó. Wọn ò gbọ́ tèmi. Ni Fúnmi bá jáde, bándéèjì lọ́wọ́.

"Èmi ni àdán gé jẹ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Wọ́n gbé ayùn wọn lọ.

Kí ló dé tí mi ò jókòó tì yín rí, kí n bá yín wò wọ́n? Ìgbà gbogbo ni mò ń kánjú padà sí Ìbàdàn.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Fúnmi bi mí pé níbo ni wọ́n ń lọ. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ rán mi lọ kà, n kò mọ̀. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n? Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ojú ọ̀run fi ṣófo.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí àárò yín ń sọ.