Aṣọ Funfun Tí Àjíbíkẹ́ Gé

Èmi, Mardiyah Àrìnkẹ́ Ọládòṣù, télọ̀, ọmọ bíbí Ìséyìn, tí mo ń gbé ní Mafoluku, Òṣòdì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀ fún àwọn tí yóò kù lẹ́yìn mi. Ara mi kò le, ṣùgbọ́n ọpọlọ mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi kọ ọ́. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo fagi lé e.

1. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọmọ mi kan ṣoṣo, Abdulhameed, àti Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi Oyèlékè, lọ́yà, ní Ìsọlọ̀. Mo fi lọ́yà kún un nítorí pé Abdulhameed kì í ka ìwé dé ìparí. Èyí, kí ó kà á tán.

2. Ilé mi oníyàrá mẹ́rin ní Mafoluku di ti Abdulhameed, bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Kí ó tún òrùlé ẹ̀yìn ṣe. Ó ti ń ṣèlérí rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Àwọn ẹrù tí mo ń fún àwọn ẹlòmíràn nísàlẹ̀ yìí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní, nítorí náà kí ó má wá máa fajú ro.

3. Ewúrẹ́ mi méjèèjì, mo fi wọ́n fún Ìyá Roqeebah, tí ó ń ta èédú ní ojúlé kejì sí tiwa. Òun ni ó ń fún wọn ní èèpo iṣu nígbà tí n kò lè dìde. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

4. Maṣíìnì dúdú tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ àti èyí tí ń lo iná, kí wọ́n kó wọn fún Moyọ̀sọ́lá, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́. Kò wá kí mi nígbà tí mo ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, maṣíìnì kò sì gbọdọ̀ dípẹtà nítorí ìbínú mi.

5. Ojú aṣọ méjìlá kan, onígun mẹ́rin tí a fi ìrépé rán, wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi. Obìnrin kan tí ó ti òkè òkun dé ni ó kọ́ èmi àti àbúrò mi, Àjíbíkẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi ìrépé aṣọ rán kúbùsù. Ìrépé ankará àwọn oníbàárà wa ni a lò. Ojú kọ̀ọ̀kan ní bátànì tirẹ̀: ìràwọ̀, agbọ̀n, àkàbà, abẹ̀bẹ̀, kò sí méjì tí ó jọra. Ó wá ku ọ̀já, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ó fi sáàárín wọn kí a tó so wọ́n pọ̀.

Lórí ọ̀já yẹn ni a ti jà. Mo ní kí a lo aláró, nítorí pé ankará máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aró, kì í sì í tètè dọ̀tí. Àjíbíkẹ́ ní funfun ni, kí ojú lè ríbi sinmi. Mo to àwọn ojú náà ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìlà mẹ́rin, mo fi àwọn pupa sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó tú u, ó kó àwọn pupa sáàárín, ó fi àwọn tí kò tàn yí wọn ká. Àwọn oníbàárà ní tirẹ̀ dára jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe máa ń rí: èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, òun ni wọ́n ń yìn. Mo bínú sí i nígbà náà, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

6. Gbogbo ẹbí mọ̀ pé Àjíbíkẹ́ ni ó gé aṣọ funfun tí Alájà, ìyá wa, rà bọ̀ láti Mẹ́kà pé kí a fi sin òun. Wọ́n mọ̀ nítorí pé èmi ni mo sọ fún wọn lọ́jọ́ tí Alájà kú, tí a wá aṣọ náà tí a bá a ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tí wọ́n sáré rà lọ́jà Òṣòdì ni wọ́n fi sin ín. Nígbà àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ní kí Àjíbíkẹ́ má jókòó pẹ̀lú àwa ọmọ olóòkú. Ó kó lọ sí àdúgbò Ailegun. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí.

7. Ohun tí n kò sọ fún wọn nìyí. Èmi ni Alájà gbé aṣọ náà fún nígbà tí òjò ń jo wọ yàrá rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sá a sóòrùn, mo ká a, mo fi í sórí pẹpẹ láàárín àwọn popílíìnì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ọjà dé, Àjíbíkẹ́ ti tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, ṣùgbọ́n kò tíì gé e. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n gé e kí ẹ wò ó. Tí kò bá wù yín, a ó lo aláró yín.”

Mo mọ aṣọ náà. Mo jókòó, mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, mo ní kí ó gé e. Mo fẹ́ kí ó ṣe àṣìṣe ńlá kan ní ojú gbogbo ayé, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rò pé Alájà yóò bá a wí, yóò sì tán síbẹ̀. Alájà kú láìbéèrè aṣọ náà, èmi náà kò sì lè dá ẹnu mi dúró mọ́: Àjíbíkẹ́ nìkan ni mo dárúkọ.

8. Nítorí náà, ojú aṣọ méjìlá náà, ọ̀já funfun yẹn, tábìlì ìgéṣọ mi àti sísọ́ọ̀sì ńlá, mo fi gbogbo rẹ̀ fún Àjíbíkẹ́. Kí ó to àwọn ojú náà bí ó ṣe tò wọ́n lọ́jọ́sí. Tirẹ̀ ni ó dára jù. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ó ti yẹ kí n kọ gbólóhùn yẹn. Bí kò bá fẹ́ fojú kan funfun mọ́, kí ó lo àwọ̀ tí ó bá wù ú, kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè.

9. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọkọ̀ lọ sí Ailegun lọ́dún yìí. Mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo ń gbọ́ ìró maṣíìnì rẹ̀, mo sì padà. Iṣẹ́ àtitọrọ àforíjì náà wá di ti Abdulhameed: kí ó lọ mú un wá síbi òkú mi. Nígbà tí ààfáà bá dúró ti òkú mi, tí ó bi àwọn ènìyàn bóyá mo jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí Abdulhameed má dáhùn pé n kò jẹ ẹnikẹ́ni. Kí ó dárúkọ Àjíbíkẹ́. Kí ó ka ìpín keje ìwé yìí sókè létí gbogbo ẹbí, kí wọ́n sì dúró kí Àjíbíkẹ́ fèsì kí wọ́n tó gbé mi. Bí ó bá ní òun kò dárí jì mí, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Mafoluku, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Mardiyah Àrìnkẹ́ Ọládòṣù

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó fọwọ́ sí i:
Àbdùlgàfár Àjàmú, òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú, Mafoluku
Diamond Ọlálérè, onídìrí, Mafoluku