Ògiri Tí Mo Fi Ẹfun Kùn

Bàbá mi tí ilẹ̀ Ọ̀tan-Ilé gbà mọ́ra,

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọdún kọkànlélógójì rèé. Àjàyí àbúrò mi ti wá bá yín. Ìyá Bọ́láńlé, ìyàwó mi, kú ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Èmi nìkan ló kù tó mọ ohun tó wà lára ògiri yàrá kòkó yín.

N kò mọ̀wé, ẹ mọ̀. Bọ́láńlé ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Àkọ́bí mi ni, èyí tí ẹ máa ń gbé lé itan tí ẹ sì ń fi ìka tó dúdú fún èédú kàn nímú. Ó ti di àgbà obìnrin báyìí, awò ojú ló fi ń kàwé. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi níbí ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo. Ọ̀sán ni. Mo ń sọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Ẹbí fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bójú tó oko yín. Délé, ọmọ Àjàyí, ló yẹ. Òun nìkan ló ń lọ síbẹ̀, òun nìkan ló mọ igi tó ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè jẹ́ òun, nítorí ohun tí baba rẹ̀ ṣe sí ògiri yín.

Mo tún rí yín lójú àlá. Oorun ọ̀sán ló máa ń gbé yín wá. Ẹ dúró sínú yàrá tí a ń kó kòkó sí, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi. Èédú wà ní etí yín ọ̀tún, níbi tí ẹ máa ń há a sí bí káfíńtà ṣe ń há pẹ́ńsùlù. Ògiri funfun báláú. Kò lópin. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sọ́tùn-ún sósì, ó di ìkùukùu bí ti òwúrọ̀ lórí òkè wa. Ẹ ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá nǹkan lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí ọmọ tó sùn ti ń mí. Ẹ kì í bojú wẹ̀yìn. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo dúró síbẹ̀?

Bọ́láńlé kò rí ògiri náà rí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ létí rẹ̀.

Bàbá mi pín oko sí mẹ́ta: etídò, ìdí obì, orí òkè. Ìlà tó ń wọ́ bí ejò ni àmì etídò. Òbìrìkìtì ni ti ìdí obì. Ìlà méjì tó forí kora ni ti orí òkè. Agbọ̀n kòkó kọ̀ọ̀kan tí a bá kó wálé, ìlà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á ṣì, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ pa á rẹ́. Yóò fa ìlà gba àárín èyí tó ṣì, yóò kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì fi àmì ara rẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ́ ni àmì bàbá mi. Ọmọ odó ni tèmi. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni ti Àjàyí. Lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀: a ó ya ọ̀kẹ́rẹ́ kékeré kan bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ kòkó, ẹ̀kán òjò mẹ́ta bí ó bá jẹ́ pé òjò ló mú kó rà. Ẹ máa ń ní àṣìṣe tí èèyàn bá pa rẹ́ ni yóò tún ṣe. Bí ọdún bá yí, ẹ ó dúró níwájú ògiri ní àárọ̀, orógbó lẹ́nu, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa jáde, ẹ ti mọ igi tí a ó gé àti ibi tí a ó tún gbìn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Bọ́láńlé ti ibiṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Iléeṣẹ́ kan tó ń ra kòkó ló ń bá ṣiṣẹ́. Kì í gbé àpò, kì í sì í di òṣùwọ̀n mú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó iye tí wọ́n rà láti abúlé dé abúlé jọ, kí ó sọ ọ́ di àwòrán, òpó gíga, òpó kúkúrú, kí àwọn ọ̀gá lè fi ojú kan mọ ibi tí ọjà ti ń rìn àti ibi tó ti dákẹ́. Ripọ́ọ̀tù ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá sọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ yẹn, òpó apá ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ti wó lulẹ̀ nínú àwòrán, bí ẹni pé igi kankan kò so níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ti fẹ́ ti ilé tí wọ́n fi ń ra kòkó níbẹ̀ pa. Orúkọ Bọ́láńlé ló wà lórí ripọ́ọ̀tù. Wọ́n pè é síwájú gbogbo èèyàn.

Kò bá wọn jà. Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ripọ́ọ̀tù yẹn, ẹ̀rọ náà ń tọ́jú bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bí ó ṣe wà báyìí, orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́ tó yí i, àti gbólóhùn kan tí onítọ̀hún fi sọ ìdí rẹ̀. Ó ń yí i sẹ́yìn, sẹ́yìn, bí ẹni ń tú aṣọ tí wọ́n ká. Wọ́n rí ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló rò pé wọ́n ti ka kòkó apá ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ mọ ohun tó kọ sí ìdí rẹ̀? “Ó ti dáa báyìí.” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Wọ́n dá ripọ́ọ̀tù padà sí bí ó ṣe wà kí ó tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni gbé ìkòkò padà sórí ààrò.

Mo ní, “Ta ló kọ́ yín ní irú ọgbọ́n yìí?”

“Bàbá mi, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn báyìí.”

“Irọ́ ni. Bàbá mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo wọ yàrá lọ, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan ọmọ mi, ohun kan sì wà tó jẹ́rìí rẹ̀. Kí ló jẹ́rìí Àjàyí?

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, a kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìyẹn, mo ní kí ẹ dárí ji Àjàyí tó fi ẹfun kun ògiri, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ lómìnira. Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu mi fi mọ ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo sùn. Mo tún rí yín. Lónìí mo ní kí Bọ́láńlé gbé kọ̀ǹpútà wá.

Bàbá mi, èmi ni.

Lọ́jọ́ náà, ẹ lọ sí Iléṣà fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ wá wo ilé tí ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé. Ọmọ náà mọ̀wé, ó ka ìwé mẹ́fà. Mo wo àwọn ìlà yín, ẹsẹ̀ ẹyẹ, ọmọ odó, ọ̀kẹ́rẹ́, ojú sì tì mí. Mo rò pé wọn yóò ní ilé aláìmọ̀wé ni ọmọ àwọn fẹ́ wọ̀. Mo po ẹfun. Mo kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kun yàrá, nígbà tí mo dé yàrá kòkó n kò dúró. Ó funfun. Ó mọ́. Mo rò pé inú yín yóò dùn. Àjàyí bá mi gbé ìkòkò ẹfun lọ fọ̀ lódò, ó ta sí i lára ṣòkòtò.

Ẹ dé. Ẹ wọ yàrá kòkó. Ẹ pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ẹ jáde, ìyá ìyàwó mi ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ sì bèèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé ta ni. Àjàyí wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ẹ rí ẹfun lára ṣòkòtò rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, nítorí àbúrò kì í dójú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú àna. Ó rò pé tí àwọn àna bá lọ, màá sọ òótọ́. Àwọn àna lọ. N kò sọ ọ́.

Ẹ kò nà án. Ẹ rán an lọ sí Iléṣà kí ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ẹ ní oko kò sí lọ́kàn rẹ̀. Kò sùn nínú ilé yín mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí ọdún yí, ẹ dúró níwájú ògiri funfun, orógbó lẹ́nu, ẹ sì gé àwọn igi kòkó ìdí obì. Igi etídò ló ti gbó, òun ló yẹ kí a gé. Ìdí obì ló ń so. Ọdún mẹ́rin la fi jẹ ìyà rẹ̀, ẹ kú sínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí nǹkan bá sọnù nílé wa, wọn a ní Àjàyí ti fi ẹfun kùn ún. Àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ń sọ ọ́. Ní Kérésì tó kọjá wọ́n sọ ọ́ lójú Délé, ẹ̀rín sọ. Délé náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹran tó wà níwájú mi.

Ìyá Bọ́láńlé bi mí lẹ́ẹ̀kan ohun tó wà lára ògiri yẹn tẹ́lẹ̀. Mo ní èédú lásán ni. Ó ní, “Òun ni ǹ bá kọ́kọ́ kà, ká ní mo bá a níbẹ̀.” Bàbá mi, ṣé ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín lọ́hùn-ún?

Bọ́láńlé ti gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

“Bàbá, kì í ṣe Bàbá Délé?”

“Èmi ni.”

“Gbogbo ìgbà tí à ń fi wọ́n ṣẹ̀sín?”

“Èmi ni, mo ní. Pa ti ọjọ́ Ajé rẹ́.”

“Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mi ò ní pa á rẹ́. Tuntun ni yóò wà lókè, ti ọjọ́ Ajé yóò wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Kí wọ́n lè máa rí i pé mo purọ́?”

“Kí wọ́n lè rí i pé ẹ padà sí òótọ́.” Ó nu awò ojú rẹ̀. “Ẹ̀rọ ń bèèrè ìdí tẹ́ ẹ fi yí i. Kí ni kí n kọ?”

Mo wo òde. Ọyẹ́ ti bo òrùlé gbogbo, ìlú dà bí ohun tí ẹnì kan fi ẹfun kùn. Mo fẹ́ ní kí ó kọ ọ́ pé èwe ni. Mo fẹ́ ní kí ó kọ ọ́ pé ojú àna ni. Mo rántí ọkùnrin “ó ti dáa báyìí.” Mo ní, “Kọ ọ́ pé irọ́ ni mo kọ́kọ́ pa. Èmi ni mo kùn ún.” Mo ní kí ó ya ọmọ odó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ya á. Kò dára tó, ó dà bí ṣíbí, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ẹbí ń pàdé ní Ọ̀tan-Ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi kò lè gbé mi dé ibẹ̀. Bọ́láńlé, ìwọ lo máa lọ. Ka méjèèjì fún wọn, ti ọjọ́ Ajé àti tòní. Má fo ibì kankan. Tí wọ́n bá bínú sí mi, jẹ́ kí wọ́n bínú. Wo ojú Délé kí o tó kà á tán. Lẹ́yìn náà, mú èédú lọ́wọ́, kí ẹ̀yin méjèèjì wọ yàrá kòkó. Ògiri ṣì wà. Ya ẹsẹ̀ ẹyẹ Àjàyí síbẹ̀ fún mi, jẹ́ kó tóbi. Ó di ọwọ́ rẹ, àkọ́bí mi.

Bàbá mi, ẹ kọjú sí mi tí ẹ bá tún wá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí àmì rẹ̀ jẹ́ ọmọ odó.