Ilẹ̀ Tí Ẹ Fi Ọwọ́ Ara Yín Bọ́

Bàbá mi àtàtà,

Láti ìgbà tí ẹ ti papò dà ni mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ojú ló ń tì mí. Mo ti wọ yunifásítì n'Ìbàdàn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, mo lè mọ ìdáhùn, síbẹ̀ mi ò ní nawọ́. Ṣé ẹ̀rù ba ẹ̀yin náà báyìí lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé èbúté Àpápá?

Mo ti wá kọ́ ọ pé kí ilẹ̀ rere tó nípọn tó ìka kan, ọ̀pọ̀ ìran èèyàn á ti wá, wọn á sì ti lọ. Ìlú ńláńlá ti di ahoro rí nítorí pé ilẹ̀ wọn ṣá. Ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn. Ilẹ̀ oko wa nílé ṣá, iṣu ò tóbi mọ́, lẹ bá fi oko sílẹ̀ wá ń ru ẹrù ní Àpápá. Ìtàn ilé wa nìkan ni mo pè é. Àṣé ìtàn gbogbo ayé ni.

Ẹ rántí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ajégúnlẹ̀? Àbàtà ni, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi dí i. Ibẹ̀ lẹ ní ilá yóò hù sí. Èèpo iṣu, eérú, ìpẹ́ ẹja, èèpo ẹ̀pà tí ẹ gbá jọ ní èbúté, gbogbo rẹ̀ lẹ máa ń rì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ yín. Àwọn ará ilé a máa yọ yín lẹ́nu: "Bàbá, ṣé ilẹ̀, àkọ́bí yín, ti yó?" Ẹ̀rín lásán lẹ máa ń rín.

Lọ́sẹ̀ yìí tí mo wálé, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, fẹ́ da sìmẹ́ńtì bo ibẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Sìmẹ́ńtì ló gbòde báyìí, Bàbá. Àwọn ọkọ̀ tó kó o wá tò sójú òkun bí ẹni tò sídìí omi ẹ̀rọ. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ wọ́n. Ọkọ́ yín ni mo mú, mo gbẹ́ kòtò láti wo inú ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ àbàtà. Lórí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti jẹrà. Lókè, ilẹ̀ dúdú, ó jìn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Níbi tí kò sí ilẹ̀ rárá, ẹ dá ilẹ̀!

Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo inú kòtò náà títí. Wọ́n bu díẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Màámi bá ké láti ilé ìdáná: "Ọkọ mi, ẹ ṣe sùúrù o, ilẹ̀ yẹn ò tíì jẹun alẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì nu ojú. Wọ́n ní iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù yóò wà báyìí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe nígbà náà, àbí àárò oko ló kàn ń sọ yín? Mo bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo fẹ́ gbé e lọ síwájú olùkọ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, n ó nawọ́.

Èèpo iṣu òní ti wọlẹ̀. Ó wá ku kí èmi náà lọ jẹun.

Èmi ọmọ yín, àbúrò ilẹ̀.