Fúláàṣì Tí Kíá Fà Yọ

Mọ́ńdè, 6 Máàṣì 2006
Àwòrán Ìyá mi ti lọ. Gbogbo ẹ̀. Èyí tó ti gbé Muslimah ọmọ mi lé ẹsẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tí ọmọ ń fa gèlè rẹ̀ — lọ. Oṣù tó kọjá la sin Ìyá. Kò ya àwòrán mìíràn rí. Kí ni ọmọ yìí máa fi mọ̀ ọ́n?

Ọláwùmí ló fà á. Àwa méjèèjì la jọ ń tẹ̀wé fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Agric. Kíá ni mo ń pè é nínú mi, torí kò ní sùúrù. Ọ̀gá ò fẹ́ ẹrù wa nínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà gígé la máa ń gé e sínú fúláàṣì, a kì í fi ẹ̀dà sílẹ̀. Ó bá mi gé àwòrán náà. Iná fúláàṣì ṣì ń ṣẹ́jú, ó fà á yọ. Mo délé Làtífù ẹ̀gbọ́n mi, a ṣí i, òfìfo.

Nígbà tí mo bi Kíá, ó ní, "Ìyá Muslimah, kọ̀ǹpútà ló ní òun ti parí. Ṣé èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà?" Ó sì ń jẹ gúgúrú lọ.

Túsìdeè, 7 Máàṣì
Kíá kí mi. Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà mi.

Tọ́sìdeè, 9 Máàṣì
Israel tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá. Ó ní kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú nǹkan sínú ara ẹ̀ ná, á ní òun ti parí, kó tó wá máa rọra kọ ọ́ sínú fúláàṣì. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn? Kó parí kó tó sọ pé òun parí. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, torí kó lè yá ni."
Ó yí gbogbo ẹ̀rọ padà, kí wọ́n máa kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo wo ibi tó tẹ̀. Mo wò ó dáadáa.

Sátidé, 11 Máàṣì
Ibà ń ṣe ọmọ. Kíá ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ní poli. Mọ́ńdè, ogúnjọ́, ló máa fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan ló wà.

Furaidé, 17 Máàṣì
Ó jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà kí Israel tó yí i. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Bó bá lè ní sùúrù díẹ̀, kò sóhun tó máa ṣe é.

Sátidé, 18 Máàṣì
Kíá gé iṣẹ́ rẹ̀ sínú fúláàṣì, ó fà á yọ, ó jù ú sí báàgì. Iná ṣì ń ṣẹ́jú. Mo rí i. Mo ń fún ọmọ lọ́mú.

Mọ́ńdè, 20 Máàṣì
Òwúrọ̀ ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Òfìfo. Israel gbìyànjú títí, ó mi orí. Kíá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ikun ń jáde nímú rẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ síbí: inú mi dùn gan-an.

Ó wá gbójú sókè wò mí. "Ìyá Muslimah, ṣé bó ṣe ṣe ẹ́ lọ́jọ́ yẹn nìyí?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí. Bàbá Muslimah gan-an ò bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀. Ó na ọwọ́ kí n fa òun dìde. Mo fà á dìde. Ó gbórí lé mi léjìká, omijé rẹ̀ ń rin bùláòsì mi, mi ò sì sọ fún un pé èmi ni mo yí ẹ̀rọ rẹ̀ padà.