Nítorí Ìdìde Àbẹ̀kẹ́

Màmá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Festac níbí. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀dá Láyí àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìkirun. Ara wa le. Òjò nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn. Omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Apple Junction, mo gbé ẹsẹ̀ sórí àga, mo ń kọ ìwé yìí. Ọkàn mi ò lélẹ̀. Ẹ̀ ń bọ̀ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, torí ẹ máa bú sẹ́kún kí n tó parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ni. Ẹ mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ tó fara pa nígbà tí wọ́n bí i ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ti ń jókòó dáadáa, ó sì lè di nǹkan mú rìn díẹ̀. Ìdìde láti orí àga ló kù. Èmi àtẹ̀yin, a kàn ń dìde ni, a kì í ronú sí i. Àǹtí tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́sibítù ló là mí lójú. Wọ́n ní kó sún ìdí síwájú lórí àga, kó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó wá tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Wọ́n ní ká má fà á lọ́wọ́ rárá, torí tá a bá ń fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kọ́ nǹkan kan.

Màmá, ojú mi ń rí nǹkan. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mi ò lè dúró de omi kó hó. Tó bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tí òógùn bo imú ẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ìyá rẹ̀ a sá lọ sí kíṣínì. Kò sì sí ẹbí kankan nítòsí tí mo lè ké sí.

Ó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe, àfi bó ṣe ṣàdédé dáwọ́ dúró. Mo bínú, mo pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ ló rọra bi í. Àbẹ̀kẹ́ ní ta lòun fẹ́ dìde fún? Ó ní tí Bàbá onílé bá wọlé, àwọn ọmọ yòókù nínú ilé á dìde kí wọn, wọ́n á sì wúre fún wọn. Tó bá kan òun, bóun bá ṣe ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn báyìí, wọ́n á ní kóun jókòó, kóun má yọra òun lẹ́nu, wọ́n á sì kọjá lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kò sẹ́ni tí ìkíni òun wù.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Bàbá onílé ò níkà nínú o, àánú ló ń ṣe wọ́n. Mo lọ ṣàlàyé fún wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọlé, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọn ò ní kó jókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún padà jókòó. Wọ́n ṣì dúró. Èmi ni mi ò lè dúró lójú kan. Nígbà tó yá, ìdí rẹ̀ kúrò lórí àga, ó di etí tábìlì mú, ó kí wọn. Àdúrà tí wọ́n ṣe fún un gùn débi pé mo bẹ̀rù kó má ṣubú.

Ẹ̀yin lẹ wá ń bà mí lẹ́rù báyìí. Mo mọ̀ yín. Bẹ́ ẹ bá ṣe rí i lẹ máa sáré gbé e mọ́ra. Mo bẹ̀ yín, Màmá, ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ má nawọ́. Tí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ sun ún, àmọ́ ẹ má kúrò níbẹ̀. Tó bá ti dìde kí yín tán, ẹ wá dì mọ́ ọn bó ṣe wù yín.

Ọlọ́run á mú yín gúnlẹ̀ ní gáréèjì Mazamaza láyọ̀, ibẹ̀ ni màá ti pàdé yín. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tilé toko. Àbẹ̀kẹ́ bi mí láàárọ̀ yìí bóyá Màmá máa lè dúró de òun. Mo ti sọ fún un pé ẹ máa dúró.

Èmi ni ọmọ yín,
Akínadé